Ẹ̀dínwó Owó-Orí àti Ìdáàbòbò Ilé Lọ́wọ́ Ìkún-Omi: Ìlàlóye fún Àwọn Onílé Mafoluku

Ìwé yìí wà fún àwọn onílé Mafoluku, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, tí wọ́n ń náwó kí omi má baà ya wọ yàrá ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá owó-orí wọn lè dín kù nítorí iṣẹ́ náà. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ kò wọ́pọ̀ nínú àwọn ilé Èkó, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń da ilẹ̀ àti ọ̀dà lé títì lọ́dọọdún ni ilé àtijọ́ ń rẹlẹ̀ ju títì lọ, tí àgbàrá yóò sì máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Òjò 10 oṣù keje ọdún 2011, tí ó bo ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó tí ó sì gba ẹ̀mí, kò fi ìyàtọ̀ sí ilé tuntun àti ti àtijọ́.

Owó tí onílé kọ́kọ́ ń ronú kàn ni owó ọdọọdún orí ilé àti ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Land Use Charge, tí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2020 ń darí. Kò sí ẹ̀dínwó kankan tí òfin náà yà sọ́tọ̀ fún ìdènà ìkún-omi, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀, nítorí ẹni tí ó bá fi àhesọ dá owó náà dúró yóò san ìtanràn lé e. Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí owó yìí sá fún àtúnṣe: fífẹ̀ ilẹ̀, fífẹ̀ ilé, iye tí irú wọn ń lọ ní àdúgbò àti bí ilé ti rí ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìloro tí a gbé sókè, tàbí fáàfù tí ń jẹ́ kí omi ìdọ̀tí jáde tí kì í jẹ́ kí ó padà, kò sọ ilé di fífẹ̀ sí i. Bí a bá dá ilé lé mílíọ̀nù 20 náírà, wọn yóò kọ́kọ́ yọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Onílé tí ó ń dá gbé inú rẹ̀ yóò san ìdá 0.0394 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí ó kù, èyí tí í ṣe 4,728 náírà. Bí ìjọba tilẹ̀ fojú fo gbogbo rẹ̀, kò tó owó iṣẹ́ bíríkìlà. Ọ̀tọ̀ ni ti Virginia ní Amẹ́ríkà, níbi tí owó-orí ilé ti wúwo ju ti Èkó lọ: àwọn olùdìbò ibẹ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe òfin ní oṣù kọkànlá ọdún 2018 kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lè dín in kù fún ẹni tí ó bá tún ilé tí omi ń bò léraléra ṣe.

Orí owó ilé tí ayálégbé ń san ni àǹfààní tòótọ́ wà fún onílé Mafoluku. Owó yìí jẹ́ owó tó ń wọlé, owó-orí sì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin gbà kí a kọ́kọ́ yọ owó tí a fi ṣe àtúnṣe ilé tí ń mú un wá. Àtúnṣe ni kí a dá ohun tí ó bàjẹ́ padà sí ipò rẹ̀, bíi gọ́tà tó dì, ògiri tí omi jẹ tàbí ilẹ̀ yàrá tó sán. Ìmúgbòòrò ni kí a fi ohun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún ilé, bíi ògiri tuntun láti dá omi dúró, a kì í sì yọ irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, onílé tí ó ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ní láti ní kí àwọn oníṣẹ́ kọ rìsíìtì wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí rìsíìtì kan ṣoṣo tí ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lè mú kí ó pàdánù èyí tí ó tọ́ sí i.

Ní ti ẹni tí ó yá owó láti kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, Òfin Owó-Orí Nàìjíríà ti ọdún 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, gbà kí ó yọ èlé owó náà kúrò nínú owó tó ń wọlé fún un. Ẹni tí ó yáwó fún ìdènà omi nìkan gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ LIRS, iléeṣẹ́ agbowó-orí Ìpínlẹ̀ Èkó, kí ó tó yọ èlé tirẹ̀.

Kò sí ẹ̀dínwó tí ó lè dáàbò bo ògiri tí a kọ́ lé ojú àgbàrá, nítorí ìjọba lè wó o, omi tí ó sì tì sẹ́yìn yóò wọ ilé aládùúgbò. Àkọsílẹ̀ owó tó wọlé lọ́dún gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ LIRS, kí 31 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e tó kọjá, kí rìsíìtì àtúnṣe, àwòrán ilé ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, àti ìwé àdéhùn ayálégbé sì wà ní ìpamọ́.