Àríyànjiyàn Lórí Ọkọ̀ Ojú Irin Orí Tábìlì

Nígbà tí àwa wà ní ọmọdé, agolo sàdíìnì ni a fi ń ṣe ọkọ̀. Ìdérí ìgò ni ẹsẹ̀ rẹ̀, okùn ni ẹ̀ńjìnnì rẹ̀, ẹnu wa sì ni fèrè rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ wa bóyá ìbú rẹ̀ bá ti ọkọ̀ gidi mu. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbàlagbà ń bẹ, tí wọ́n ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì ti ní ọmọ-ọmọ, tí ọ̀ràn mílímítà méjì péré lè mú kí wọ́n jiyàn láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn wọ̀nyí ni olùfẹ́ ọkọ̀ ojú irin kékeré, irú èyí tí iná mànàmáná ń mú sáré lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ nínú yàrá. A fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ìyàn kan tí ó bọ́ sáàárín wọn ní ọdún 2022, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ohun ìṣeré lásán lọ.

Frank Hornby, ará Liverpool, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ojú irin tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ wé ní ọdún 1920. Ní 1938, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ gbé èyí tí ó kéré sí i jáde, wọ́n sì pè é ní Dublo, nítorí pé OO, èyíinì ni O méjì, ni orúkọ ìwọ̀n rẹ̀. Láti ìgbà náà wá ni OO ti jọba láàárín àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún méje tí a fún ní ẹ̀ńjìnnì OO ní ọjọ́ Kérésìmesì lè máa ra irú rẹ̀ títí yóò fi di ẹni àádọ́rin ọdún, kí gbogbo rẹ̀ sì máa bá ara wọn rìn lórí irin kan náà.

Àbùkù kan ń bẹ lára OO, gbogbo wọn ni ó sì mọ̀ ọ́n. Ara ọkọ̀ náà jẹ́ ìdá kan nínú 76 ti ọkọ̀ gidi, ṣùgbọ́n mílímítà 16.5 ni ìbú ojú irin rẹ̀. Bí a bá sọ èyí di púpọ̀ ní ọ̀nà 76, yóò fún wa ní nǹkan bí mílímítà 1,255, bẹ́ẹ̀ ojú irin gidi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 1,435. Bí ọkùnrin sísanra tí ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ọmọdé ni ọkọ̀ OO rí. Ohun tí ó fà á ni pé ara ọkọ̀ ojú irin Gẹ̀ẹ́sì kéré ju ti Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ, mọ́tò oníná ti ìgbà náà kò sì lè wọ inú rẹ̀. Wọ́n fẹ ara ọkọ̀ náà sí i, wọ́n sì fi irin sílẹ̀ bí ó ti wà.

Àwọn tí èyí dùn jù lọ máa ń fi ọwọ́ ara wọn to irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 18.83, wọn a sì pààrọ̀ gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n bá rà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n jẹ́ a-ka-ìṣó, èyíinì ni ẹni tí ń ka àwọn ìṣó ara ẹ̀ńjìnnì bóyá wọ́n pé. A kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀ńjìnnì tuntun bá jáde, àwọn a-ka-ìṣó ni ń gbé àwòrán àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọn a wí pé ihò èéfín rẹ̀ kúrú, tàbí pé àwọ̀ ewé rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ ewé tí a fi kun ti gidi. Bí àwọn onílé-iṣẹ́ bá gbọ́, èyí tí yóò tẹ̀lé e a dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù October 2022 ni Hornby kéde ìwọ̀n tuntun tí wọ́n pè ní TT:120. Ara ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 120, irin rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 12. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: 12 ní ọ̀nà 120 jẹ́ 1,440. Mílímítà márùn-ún péré ni ó fi yàtọ̀ sí òtítọ́! Ìwọ̀n yìí kì í ṣe àjèjì ní Jámánì, ilé-iṣẹ́ Peco ní Devon sì ti ṣáájú Hornby kéde irin tirẹ̀ nínú ọdún kan náà. Lára àwọn ẹ̀ńjìnnì àkọ́kọ́ ni A4 tí Gresley ṣètò wà, ìyẹn ẹ̀yà tí Mallard jẹ́, tí ó sá eré máìlì 126 ní wákàtí kan ní ọjọ́ 3 oṣù July 1938. Ní OO, gígùn A4 tó sẹ̀ǹtímítà 28. Ní ìwọ̀n tuntun yìí, ó di 18.

Inú àwọn tí ń gbé yàrá kékeré dùn púpọ̀, nítorí pé ibi tí ọkọ̀ OO kò ti lè yí po, TT yóò yí i pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Àwọn àgbà kan ráhùn pé ojú àwọn kò ríran tó láti gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ lé irin. Àwọn mìíràn sì rántí pé ní 1957, Tri-ang ti mú TT kan jáde rí, tí òun náà ń rìn lórí irin mílímítà 12, tí kò sì pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì. Àwọn tí ó ti náwó lé e ni ó jìyà rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1965 kí ọ̀nà náà má baà parun.

Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìbẹ̀rù tí ó wúwo jù lọ kò sí nínú ìṣirò. Àwọn àgbà wa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí ó ti kó OO jọ fún ogójì ọdún, tí páálí rẹ̀ kún àjà ilé, ń rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé bí òun bá kú, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ opó òun? Bí àwọn ọ̀dọ́ bá yà sí ọ̀nà TT, ẹ̀ńjìnnì tí ó fi owó oṣù rẹ̀ rà yóò di ẹrù tí a ń bẹ ènìyàn kí ó wá gbé. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í sọ èyí jáde. Yóò kàn wí pé TT kò dára ni. A rò pé ìbẹ̀rù náà pọ̀ ju ohun tí ó fà á lọ, nítorí pé Hornby kò dá OO dúró, ó sì ń ṣe ẹ̀ńjìnnì tuntun fún un síbẹ̀.

Ẹjọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù ní tiwọn tọ́. Nígbà tí TT:120 bẹ̀rẹ̀, Hornby fúnra rẹ̀ ni ó ń tà á tààrà fún oníbàárà, láìgba ọwọ́ wọn. Ibi tí olùfẹ́ ọkọ̀ kékeré ti ń pàdé ẹni tí àìsàn kan náà ń ṣe ni ìsọ̀ jẹ́ fún un. Ní January 2024, Hattons, tí wọ́n ti ń tajà láti 1946, kéde pé àwọn yóò kógbá sílé. A kò wí pé TT ni ó fà á o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn náà yóò mọ ìdí tí ara àwọn onísọ́ọ̀bù kò fi balẹ̀.

Níbi tí a ti ń ṣírò gbogbo èyí ni ọkàn wa lọ sí ojú irin ilé, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896, tí wọ́n sì ṣí dé Ìbàdàn ní 1901. Ẹsẹ̀ mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ìbú rẹ̀, tí í ṣe mílímítà 1,067. Irin OO fẹ̀ jù fún un. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá mú irin mílímítà 9, tí wọ́n ń tà fún ìwọ̀n mìíràn tí a ń pè ní N, tí ó sì ṣe ọkọ̀ rẹ̀ ní ìdá kan nínú 120, 1,080 ni yóò rí. Àwọn kan ní New Zealand, tí ojú irin wọn rí bíi tiwa, ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní 2021 sì jẹ́ 1,435, irin 12 ti Hornby sì bá a mu. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè to ọ̀nà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì kan, kí Ẹ̀búté Mẹ́tà wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ kan. Ara ẹ̀ńjìnnì aléèéfín ti àtijọ́ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé láti inú páànù.