Ta ni wọ́n bi kí wọ́n tó ti ẹnubodè?

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àjọṣe láàárín orílẹ̀-èdè, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ààrẹ àti mínísítà ni. Wọ́n á wọ bàlúù, wọ́n á jókòó ìpàdé ní Àbújá, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Àwa tí a wà ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ mọ̀ pé kì í parí síbẹ̀. Ọjà wa ló máa ń bọ́ sí.

Ẹ rántí ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ọjọ́ yẹn ni ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari ti ẹnubodè Nàìjíríà. Àwọn ènìyàn kan ṣì ń rí ọ̀nà kọjá, ṣùgbọ́n ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá mọ́. Tòmátì àti ọ̀pẹ̀yìnbó jẹrà mọ́ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ́wọ́. Nàìjíríà ní òun fẹ́ dáàbò bo àwọn tó ń gbin ìrẹsì nílẹ̀ òun. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti fòfin dè é pé ìrẹsì òkèèrè kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, síbẹ̀ èyí tó ń sọ̀ ní èbúté Kútọnu kò yéé kọjá. Wọ́n tún ń bínú sí epo bẹntiróòlù wọn tó ń jáde wá sọ́dọ̀ wa, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí kpayo.

Ẹnu àwọn èrò ọjà kò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó ń ta ìrẹsì òkèèrè sọ pé Nàìjíríà ti pa òun. Àgbẹ̀ tó ń gbin ìrẹsì tirẹ̀ lè sọ pé ohun tí Nàìjíríà ṣe fún àgbẹ̀ rẹ̀ ni kí ìjọba tiwa náà ṣe fún òun. Ní Nàìjíríà pàápàá, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ onírẹsì yin ìjọba, nígbà tí àwọn tó ń ra ìrẹsì jẹ ń figbe ta. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "àwọn ará ẹnubodè sọ pé báyìí báyìí," ẹ kọ́kọ́ bi í pé ará ẹnubodè wo.

Ohun kan wà tí wọ́n jọ ń sọ ṣá: kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí kò ti sẹ́ni tó ń bi wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé lórí ààlà yìí ní ilẹ̀ òyìnbó. Ìdí nìyẹn tí Kétu fi wà níbí, tí Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ọmọ Kétu, fi wà ní Nàìjíríà, tí Ìlárá sì wà lápá méjèèjì. Ìwé tí CEDEAO ṣe lọ́dún 1979 ló ní kí a lè wọ ilẹ̀ ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àmọ́ ẹni tó ń lọ sìnkú ìyá ìyàwó rẹ̀ ní òdìkejì mọ iye tí ó ń ná lójú ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ ṣí i, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣí i. Sẹ̀mẹ̀ wà nínú ẹnubodè mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Ìdí-Ìrókò, tó kọjú sí Ìgólò, kò rí àṣẹ gbà àfi ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi dúró lẹ́yìn Sẹ̀mẹ̀. Ní Kútọnu, wọ́n ti gbàgbé pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀.

Lọ́dún 2023, ọ̀rọ̀ náà yí padà sí àríwá, ìjọba tiwa ló sì wà nídìí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní ọjọ́ 26 oṣù keje. CEDEAO fi ìyà jẹ Niger, Bẹ̀nẹ̀ sì ti ẹnubodè Malanville. Àwọn tírélà tò lọ rẹrẹ. Àlùbọ́sà tó ń sọdá Odò Ọya wá dí, ẹrù Niger tó ń gba Kútọnu sì wá ọ̀nà Lomé lọ. Ará Tógò tó ń rù ú kò ní bínú sí i, a ò sì lè bá a wí.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà náà tó yẹ kí a wò dáadáa. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ọ̀rọ̀ lílo ọmọ ogun sì wà nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ méje ní àríwá Nàìjíríà ló bá Niger pààlà, àwọn aṣòfin àríwá sì fi èyí ta ko ogun ní gbangba. Ilé náà ní kí wọ́n lọ fi ọ̀rọ̀ yanjú rẹ̀. Ogun kò sì ṣẹlẹ̀. A kò sọ pé ohùn wọn nìkan ló dá a dúró, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, CEDEAO mú èyí tó pọ̀ nínú ìyà náà kúrò. Bẹ̀nẹ̀ ṣí apá tirẹ̀, Niger kò ṣí tirẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ogun Faransé wà ní Bẹ̀nẹ̀ tó ń múra láti dà wọ́n láàmú. Ìjọba wa ní irọ́ ni. Ẹni tó ń ta àlùbọ́sà kò sí nínú ìjà yẹn, òun ló sì ń san owó rẹ̀.

Àwọn aṣòfin 109 ló wà nílé ìgbìmọ̀ wa, Àjàṣẹ́ ni wọ́n sì ń jókòó sí, kò jìnnà sí Ìgólò rárá. Àwọn tó ń ṣojú Kétu, Pobẹ̀, Sákétẹ́, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Malanville wà nínú wọn. Bí wọ́n bá tún wá sọ́dọ̀ yín, kí ẹ tó gba aṣọ tàbí fìlà lọ́wọ́ wọn, ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n dìde nínú ilé yẹn tí wọ́n béèrè pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọjà wa bí wọ́n bá tún ti ẹnubodè.