Ṣé ara ológbò yín yá?

Àwọn àgbà ní: bí ológbò bá kúrò nílé, ilé di ilé èkúté. Àwa tí à ń gbin àgbàdo ní agbègbè Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni. Tí a bá kó àgbàdo sínú àká tán, èkúté náà á dé. Ohun tí a fi bí oṣù 3 ṣiṣẹ́ lé lórí, èkúté á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lóru.

Kì í ṣe àgbàdo nìkan. Èkúté ń kó àrùn wọlé pẹ̀lú. Ní ọdún 2016, ibà Lásà pa ènìyàn ní agbègbè Tchaourou, ní ilẹ̀ Benin wa níbí. Irú eku kan ló ń gbé ibà náà kiri. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń bọ́ sínú oúnjẹ wa.

Nítorí náà, òṣìṣẹ́ ni ológbò jẹ́ nínú ilé. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ yìí kò lè sọ pé ara ń ro òun. Ewúrẹ́ tí ara ń ro á máa ké. Ológbò ńkọ́? Á lọ sá pamọ́ sábẹ́ ibùsùn ni. Kí onílé tó mọ̀, àìsàn ti wọra.

Kí ni a ó máa wò?

Ológbò tí ara rẹ̀ yá máa ń jẹun dáadáa. Ó ń lá irun ara rẹ̀, irun náà á sì máa dán. Ojú rẹ̀ mọ́. Tó bá ń sùn, ó máa ń mí bíi 20 sí 30 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan.

Tí ẹ bá rí i pé ó yí padà, ẹ mú un, kí ẹ wò ó báyìí:

1. Ẹ wo ojú rẹ̀. Tí awọ funfun kan bá yọ láti igun ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, tó sì bo ojú, ara rẹ̀ kò yá.

2. Ẹ ṣí ètè rẹ̀, kí ẹ wo ẹran ìdí eyín rẹ̀. Ó yẹ kó pọ́n díẹ̀ bíi ti ènìyàn. Tó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ kò tó. Tó bá ní àwọ̀ ìyeyè, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè máa ṣàìsàn.

3. Ẹ fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè, kí ẹ fi í sílẹ̀. Ó yẹ kó padà lẹ́sẹ̀kan náà. Tó bá pẹ́ kó tó padà, omi ti dín lára rẹ̀.

4. Ẹ fọwọ́ pa á lára. Ṣé ó ti rù? Ṣé ọgbẹ́ wà níbì kan? Níbi tí ológbò bá ti ja ìjà, ọyún lè gbárajọ sábẹ́ awọ láìjẹ́ pé a rí i lókè.

Èyí tó lè dúró, àti èyí tí kò lè dúró

Ẹlòmíì á ní: “Ológbò lásán! Ṣé n ó wá ná owó lórí ológbò ni?” Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo àìsàn ló ń fẹ́ dókítà. Tí ológbò bá bì lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń jẹun, tó ń rìn kiri, ẹ máa wò ó. Irun tó gbé mì ló lè máa bì.

Ṣùgbọ́n tó bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ kan gbáko, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Ológbò tí kò jẹun fún ọjọ́ 2 tàbí 3, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́. Ẹ gbé e lọ.

Àwọn wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la:

– akọ ológbò tó ń lóṣòó lóṣòó, tó ń ké, tí ìtọ̀ kò jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé ìgbẹ́ ló dí i. Ìtọ̀ ni! Ó lè kú láàárín ọjọ́ 2 tàbí 3;

– ológbò tó la ẹnu sílẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ;

– ọmọ ológbò tó ń bì, tó tún ń yàgbẹ́ gbuuru;

– ológbò tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó lè jẹ́ májèlé, ó sì lè jẹ́ dìgbòlugi: ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án;

– ológbò tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú tàbí nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Bóyá ó jẹ èkúté tó ti jẹ oògùn èkúté. Ẹ̀jẹ̀ náà kì í jáde lọ́jọ́ náà, ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan. Dókítà ní oògùn tó lè gbà á, tí ẹ bá tètè dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá da oògùn èkúté sílé, kó sin òkú èkúté jìnnà sínú ilẹ̀.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má fún ológbò ní oògùn ènìyàn o! Parasetamọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lè pa á. Ara ológbò kò lè yí oògùn náà padà bíi ti ènìyàn.

Ẹ má rọ epo pupa sí i lọ́fun nítorí májèlé. Tí epo bá gba ọ̀nà èémí, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ mú páálí tàbí ìgò májèlé náà lọ́wọ́, kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ.

Dìgbòlugi

Ológbò náà ń kó àrùn dìgbòlugi, kì í ṣe ajá nìkan. Tí ológbò jẹ́jẹ́ bá ṣàdédé ń bu ènìyàn jẹ, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí kò lè gbé omi mì, ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn.

Tó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́. Nígbà tí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí. Ẹ sọ fún dókítà ẹran pẹ̀lú. Yóò fẹ́ kí wọ́n ti ológbò náà mọ́lé, kí wọ́n ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Ṣùgbọ́n ẹni tó bù jẹ kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ 10 yẹn!

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ológbò tó ti tó oṣù 3. Ẹni tó gbà á fún ológbò rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló dáàbò bò.

Tí ẹ bá ń lọ bá dókítà

Dókítà ẹran, tí wọ́n ń pè ní vétérinaire ní èdè Faransé, ni kí ẹ bèèrè. Ní méèrì, wọ́n á júwe ibi tó wà. Ẹ gbé ológbò náà sínú agbọ̀n tó ní ìdérí, nítorí ariwo zémìjàn lè mú kó fò sọ́nà.

Ẹ ti mọ̀wé báyìí. Ẹ mú ìwé àjákọ yín, kí ẹ kọ ọ́: ọjọ́ tó jẹun kẹ́yìn, iye ìgbà tó bì, ọjọ́ tó tọ̀ kẹ́yìn, ohun tó jẹ. Ìlà mẹ́rin péré ni. Dókítà á fi wọ́n mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè fún kíláàsì wa

1. Kí ló dé tí a kì í fi í tètè mọ̀ pé ara ológbò kò yá?
2. Akọ ológbò kan ń lóṣòó láti àárọ̀, kò sí nǹkan tó jáde. Kí ni ẹ ó ṣe?
3. Kí ni a kọ́kọ́ ń ṣe fún ọmọ tí ológbò bù jẹ?
4. Ní abúlé yín, níbo ni wọ́n ń da òkú èkúté sí? Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.