Ṣíṣọ́ Ìlera Odídẹrẹ́ Tí Ó Ti Darúgbó

Nínú àwọn ẹyẹ tí ọmọ ènìyàn ń sìn nínú ilé, díẹ̀ ni ẹ̀mí wọn gùn tó ti odídẹrẹ́. Adìẹ kì í pẹ́ láyé kí a tó pa á jẹ. Ẹyẹlé tí a tọ́jú dáradára lè lo ọdún 15. Ṣùgbọ́n odídẹrẹ́ tí ó rí ìtọ́jú lè lo 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹyẹ tí bàbá kan rà nígbà tí ó wà ní àpọ́n lè ṣì wà nínú ilé nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń gbéyàwó. Bí ọjọ́ orí ẹyẹ bẹ́ẹ̀ bá ti ń gòkè, iṣẹ́ ẹni tí ń sìn ín a máa pọ̀ sí i. Kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti omi nìkan mọ́. Ó di ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ ìlera rẹ̀ lójoojúmọ́.

Kì í ṣe òní ni odídẹrẹ́ ti níyì lọ́wọ́ àwọn Yorùbá. Ìyẹ́ pupa ìrù rẹ̀, tí à ń pè ní ìkóódẹ, jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ àwọn ọba àti àwọn olóyè. Nítorí pé ó máa ń sọ ohun tí ó bá gbọ́ láìbo ẹnikẹ́ni láṣìírí, a sọ ọ́ ní ayékòótọ́. Ṣùgbọ́n igbó tí ó jẹ́ ilé rẹ̀ ń dínkù. Ní Ẹgàn àti Ìgàndò, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé àti títì ti gba ibi tí igbó wà rí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ìpàdé ní Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà fi ẹnu kò pé kí òwò odídẹrẹ́ tí a mú nínú igbó, láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, dópin. Ẹni tí ó bá ní odídẹrẹ́ àgbà nílé kò gbọ́dọ̀ máa rò pé bí èyí bá kú, òun yóò ra òmíràn. Kí ó tọ́jú èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ẹyẹ a máa fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Nínú igbó, èyí tí ó bá ń ṣe àárẹ̀ nínú ọ̀wọ́ ẹyẹ ni àṣá máa ń dájú sọ. Ẹyẹ tí ó bá fi àárẹ̀ rẹ̀ hàn ti fi ara rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ìwà yìí kì í kúrò lára odídẹrẹ́ bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ nínú ilé. Yóò máa jẹun, yóò máa fọhùn, yóò sì nàró lórí igi rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Ọjọ́ tí a bá rí i tí ó wú ìyẹ́ ara rẹ̀, tí ó di ojú, tí ó sì jókòó sí ìsàlẹ̀ àgò, àìsàn náà ti wọ̀ ọ́ lára jìnnà. Ìdí nìyí tí a kò fi lè gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan. Bí a ti ń wò ó ni kí a máa wọ̀n ọ́n, bí a sì ti ń wọ̀n ọ́n ni kí a máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun èlò tí ó ṣe pàtàkì jù ni òṣùwọ̀n kékeré tí ń ka gíráàmù, irú èyí tí àwọn tí ń ṣe àkàrà òyìnbó fi ń wọn ìyẹ̀fun. Òwúrọ̀ ni ó dára jù, kí ẹyẹ náà tó jẹun. Kí a gbé igi kékeré kan lé orí òṣùwọ̀n, kí a yọ ìwọ̀n igi náà kúrò, kí a sì jẹ́ kí ẹyẹ bà lé e. Ìwọ̀n ọ̀pọ̀ odídẹrẹ́ a máa wà láàárín 400 sí 500 gíráàmù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹyẹ kan nígbà tí ara rẹ̀ le ni kí a fi ṣe àfiwé fún un, kì í ṣe ti ẹyẹ ẹlòmíràn. Bí àpẹẹrẹ, kí a sọ pé ìwé fi 450 gíráàmù hàn ní ọ̀sẹ̀ kìíní, 441 ní ọ̀sẹ̀ kejì, 428 ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àti 405 ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ojú lè má rí ìyàtọ̀ kankan, nítorí ìyẹ́ bo gbogbo ara ẹyẹ. Síbẹ̀, ẹyẹ náà ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀. Ó dàbí ìgbà tí ẹni tí ó wọn 70 kílò bá pàdánù 7 kílò láàárín oṣù kan. Kò yẹ kí a dúró dìgbà náà kí a tó wá oníṣègùn ẹranko lọ. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, kí a fi ìka tọ́ eegun àyà rẹ̀ wò. Ẹran yẹ kí ó wà ní ìhà méjèèjì eegun náà; bí eegun bá yọ ṣóńṣó bí ojú ọ̀bẹ, ẹyẹ náà ti rù.

Ìgbẹ́ ẹyẹ pẹ̀lú a máa sọ̀rọ̀. Kí a tẹ́ bébà funfun sí abẹ́ igi tí ó ń bà lé, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní àràárọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìgbẹ́ ẹyẹ tí ara rẹ̀ le pín sí: apá kan tí ó ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀, apá kan tí ó funfun bí ẹfun, àti omi díẹ̀ tí ó mọ́. Oúnjẹ tuntun lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà fún ọjọ́ kan, èyí kò sì yẹ kó dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n bí apá funfun náà bá di àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìyeyè, ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣàìsàn. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí a má ṣe jáfara rárá.

Lẹ́yìn èyí, kí a wo bí ó ti ń mí. Odídẹrẹ́ tí ó ń sinmi a máa pa ẹnu dé, ìrù rẹ̀ a sì dúró jẹ́ẹ́. Bí ìrù bá ń lọ sókè sódò bí ó ti ń mí, tàbí tí ohùn rẹ̀ há, èémí ń ni ín lára. Ara ẹyẹ a máa gba afẹ́fẹ́ yára ju ti ènìyàn lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń gba májèlé inú afẹ́fẹ́ yára. Nítorí èyí ni àwọn awakùsà èédú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń mú ẹyẹ kékeré sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀, títí di ọdún 1986 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ rọ́pò wọn. Bí ẹyẹ bá dákú, wọn a mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti bàjẹ́. Ní àdúgbò bí Ẹgàn, tí ilé sún mọ́ ilé, èéfín ẹ̀rọ amúnáwá lè gba ojú fèrèsé wọlé. Kí a gbé àgò jìnnà sí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀, sí sítóòfù, àti sí òògùn ẹ̀fọn tí à ń sun. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ léwu jù: bí ó bá gbóná kọjá ààlà, èéfín rẹ̀, tí ènìyàn lè má tilẹ̀ rí, lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ogbó a máa mú ẹsẹ̀ àti ojú. Bí oríkèé bá ń dun ẹyẹ, kì í fẹ́ gun òkè mọ́, a sì máa fi ara ti ẹsẹ̀ kan. Kí a rẹ igi rẹ̀ sílẹ̀, kí igi náà má ṣe ní ìwọ̀n kan náà, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ má baà wú. Bí àwọ̀ funfun bá bo ẹyinjú rẹ̀, kí a má ṣe ṣí ohun tí ó wà nínú àgò nípò padà, nítorí ó ti fi ọkàn mọ ibi tí oúnjẹ àti omi wà.

Oúnjẹ pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Ẹ̀pà nìkan a máa fi ọ̀rá kún ara ẹyẹ tí kì í fò. Ẹ̀pà tí ó bu a sì máa ba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìbẹ́pẹ, ata, ẹ̀fọ́ àti ẹyìn díẹ̀ ṣàǹfààní. Píà, ṣokoléètì àti oúnjẹ oníyọ̀ kò dára fún un. Oòrùn òwúrọ̀ ń fún eegun rẹ̀ lókun, ṣùgbọ́n kí ibòji wà nítòsí. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àrùn ni òṣùwọ̀n lè fi hàn. Odídẹrẹ́ tí ó lókìkí jù láyé, Alex, tí Irene Pepperberg kọ́ ní ohun tí ó ju 100 ọ̀rọ̀ lọ ní Amẹ́ríkà, kú lójijì ní ọdún 2007 nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 31. Àrùn líle iṣan ẹ̀jẹ̀ ni a fi ikú rẹ̀ sí. Nítorí náà, ó yẹ kí oníṣègùn yẹ ẹyẹ àgbà wò lọ́dọọdún, bí kò tilẹ̀ sí àmì kankan. Irú àwọn oníṣègùn bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé tí a ti ń kọ ìwọ̀n sí ni kí a mú lọ, nítorí ohun tí ẹyẹ kò lè sọ wà nínú rẹ̀.

Kí ẹni tí ń tọ́jú ẹyẹ má ṣe gbàgbé ara rẹ̀. Àrùn kan wà tí ó ń ti ara odídẹrẹ́ ran ènìyàn, tí ó sì ń mú ibà àti ikọ́ wá. Kí a wọ́n omi sí ìgbẹ́ rẹ̀ kí a tó gbá a, kí a sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹyẹ tí ó lè pe orúkọ gbogbo ará ilé kò lè sọ pé inú ń run òun. Ẹni tí ń sìn ín ni yóò tètè mọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ní òwúrọ̀, òṣùwọ̀n kan, àti ìwé kékeré kan tó láti fi ṣe iṣẹ́ náà.