Iná Mẹ́rin Kò Túmọ̀ sí Pé Iwájú Ni À Ń Lọ

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní oríta. Ọkọ̀ kan dé oríta mẹ́rin. Iwájú tààrà ni awakọ̀ rẹ̀ ń lọ. Ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ya àmì pupa onígun mẹ́ta sí, iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Lójú tirẹ̀, ó ti sọ ibi tí òun ń lọ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tí ń bọ̀ láti ọ̀nà apá ọ̀tún kò rí iná mẹ́rin, nítorí pé ọkọ̀ mìíràn ti bo apá òsì. Iná ọ̀tún nìkan ni ó rí. Ó gbà pé ọkọ̀ náà fẹ́ yà sí ọ̀nà tí òun ti ń bọ̀, ó sì já sí àárín oríta. Bí ìjàǹbá ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, láìsí ẹni tí ó gbèrò ibi sí ẹnì kejì.

Kí ni òfin wí nípa àwọn iná wọ̀nyí? Ní ọdún 1968, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí àdéhùn kan lórí ìrìnnà ọkọ̀ ní ìlú Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria. Nàìjíríà darapọ̀ mọ́ àdéhùn náà ní ọdún 2018. Ohun tí ó béèrè ni pé kí ọkọ̀ ní iná tiráfíkétọ̀ tí ń ṣẹ́jú, kí àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti ọsàn, kí ó wà lọ́tùn-ún àti lósì ní iye kan náà, kí a sì lè rí i tọ̀sán-tòru. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni pé kí iná náà ṣẹ́jú láàárín ìgbà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, bí tiráfíkétọ̀ ọkọ̀ yín bá ṣàdédé ń yára ṣẹ́jú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí gílóòbù kan ti jó. Ẹ tètè wò ó.

Ṣùgbọ́n níní iná kò tó. Ojúṣe awakọ̀ ni láti lò ó bí ó ti yẹ. Kí ó tàn án ṣáájú kí ó tó yà, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè ráyè dẹ eré. Kí ó jẹ́ kí ó máa tàn títí yóò fi yà tán, kí ó sì pa á lójú ẹsẹ̀. Bí iná náà bá kọṣẹ́, kí ó fi ọwọ́ ṣe àmì. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yà sí òsì ń gba iwájú àwọn tí ń bọ̀ lọ́kànkán kọjá. Níbẹ̀ gan-an ni àìtan tiráfíkétọ̀ ti léwu jù.

Iná mẹ́rin tí a ń pè ní hásáàdì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìgbà méjì péré ni àdéhùn yẹn fàyè gbà á: nígbà tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ tàbí tí ó ní ìjàǹbá, tí kò sì ṣeé sún kúrò lójú ọ̀nà, àti nígbà tí a bá fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn pé ewu wà nítòsí. Kì í ṣe ti oríta. Kì í ṣe ìwé àṣẹ láti gbé ọkọ̀ dí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí a bá wá mú ọmọ. Kì í sì ṣe ti òjò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo ọkọ̀ bá tan iná mẹ́rin nínú òjò, ta ni yóò mọ èyí tí ó dúró àti èyí tí ń rìn? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú, bí iná mẹ́rin bá ti ń ṣẹ́jú, tiráfíkétọ̀ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bí òjò bá rọ̀, ẹ tan iná iwájú sílẹ̀ ní ìwọ̀nba, ẹ dẹ eré, ẹ sì jìnnà sí ẹni tí ó wà níwájú yín.

Bí ọkọ̀ bá sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí a má gbẹ́kẹ̀ lé hásáàdì nìkan, nítorí bátìrì lè kú. Kí a gbé àmì onígun mẹ́ta tí a ń pè ní C-caution kalẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn ọkọ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni a ti kọ́ pé ohun tí ènìyàn bá sọ ni kí ó ṣe. Iná ọkọ̀ ni ẹnu awakọ̀. Ẹni tí iwájú tààrà ń lọ kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti fi iná sọ: kí ó wo ọ̀tún, kí ó wo òsì, kí ó sì máa lọ nígbà tí ọ̀nà bá mọ́. Bí ẹ bá ń darí sílé láti ibi àjọ̀dún yìí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ tí ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yín ní ẹ̀kọ́ náà, nítorí wọn yóò wa ọkọ̀ lọ́la bí wọ́n ti rí i tí ẹ ń wà á lónìí.