Ìyá tó fẹ́ padà sí ìdárayá: ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀



Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama ní ìlú Oǹdó, mo wà lára àwọn tó ń sáré ìdíje fún ilé-ìwé wa. Lẹ́yìn náà mo lọ́kọ, mo kó wá sí Àkúrẹ́, Ọlọ́hun sì fi ọmọ mẹ́rin ta mí lọ́rẹ. Ọdún 11 ni mi ò fi sáré rárá. Lọ́jọ́ kan tí a lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Oǹdó, àbíkẹ́yìn mi já mọ́ mi lọ́wọ́, ó forí lé títì. Mo sá tẹ̀lé e. Mo bá a, alhamdulillah, ṣùgbọ́n kí n tó gbé e, ìtọ̀ ti jò sí mi láṣọ. Àlùwàlá mi bàjẹ́, mo sì ní láti wá aṣọ mìíràn kí n tó lè kírun Aláásárì. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ ìyá ló wà nínú irú ìtìjú yìí. A máa ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń sá fún ni pé bí wọ́n bá fò tàbí sáré, ìtọ̀ á jò. Àwọn àáfà ló máa ṣàlàyé ìdájọ́ àlùwàlá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Tèmi ni láti sọ pé iṣan ló rẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú.

Kí ló fà á? Ní ìsàlẹ̀ ikùn wa, iṣan kan wà tó tẹ́ bí ẹní. Òun ló gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun ró. Oyún máa ń wúwo lé e lórí, ìrọbí sì máa ń nà án. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ bímọ fún náà kò yọ sílẹ̀, torí ó gbé oyún. Omi gbígbóná tí a fi ń tẹ ikùn àti ọ̀já tí a ń so mọ́ ọn kò lè fún iṣan yìí lágbára.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ jókòó tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ fún iṣan náà pọ̀ bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ àti ìsó mọ́ra, ẹ máa mí bó ṣe yẹ, ẹ má fún itan pọ̀. Ẹ kà á dé 3 tàbí 5, kí ẹ wá tú u sílẹ̀ pátápátá. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Bó bá ti ń mọ́ra, ẹ máa kà á dé 10. Ẹ má máa ṣe é nígbà tí ẹ bá ń tọ̀ lọ́wọ́. Kí n má bàa gbàgbé, èmi so ó mọ́ ìrun Àsùbáà, Aláásárì àti Màgàríbì, lórí ẹní ìkírun. Ó lè tó oṣù 3 kí àyípadà tó hàn dáadáa, nítorí náà ẹ ní sùúrù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí rìn, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nígbà oyún, kódà bó ti lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ó ṣeé ṣe kó tún ru lọ́jọ́ iwájú ju ti ẹlòmíràn lọ. Bó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rí dókítà. Ní 2009 ni ètò Abiyè bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa; ilé-ìwòsàn ìyá àti ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́ ní 2010, Oǹdó náà sì ní tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ bá ti parí, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í tún lọ síbẹ̀ nítorí ara wa.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá: ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún. Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀. Ẹ rìn débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ ò lè kọrin. Ẹni tó ń tajà ní Ọjà Ọba lè sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá kó tó débẹ̀, kó fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ẹ wọ kánfáàsì, kí ẹ sì jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ jọ ń lọ. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti nǹkan, ní ìgbà 10. Ẹ jẹ́ kí sísáré dúró di ìgbà tí ẹ bá lè rin ìṣẹ́jú 30 láìsí pé ìtọ̀ ń jò.

Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, kí ẹ lọ sí ilé-ìwòsàn. Bí ìtọ̀ bá ṣì ń jò lẹ́yìn oṣù 3, tàbí tó ń ṣe yín bíi pé nǹkan ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ara, ẹ má dá a mọ́ra. Ẹ sọ fún dókítà, ẹ sì béèrè onímọ̀ físíò. Ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì UNIMED wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó.

Ó wà nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá pé Nana Aisha bá Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sáré ìje, ó sì gbawájú. Nígbà tó yá tó sanra, wọ́n tún sá a, Ànábì sì gbawájú. Ara tó ti yí padà kò ní kí wọ́n má sáré mọ́.

Èmi náà ti ń sáré díẹ̀díẹ̀ báyìí ní Alágbàká lẹ́yìn Àsùbáà. Mi ò yára bíi ti ìgbà ilé-ìwé, ṣùgbọ́n mo ń fi aṣọ gbígbẹ délé. Kí Ọlọ́hun fún gbogbo ìyá ní àlàáfíà. Àmín.