TÍKẸ́Ẹ̀TÌ ÌLÚ ỌBA: ÌGBÀ WO NI KÍ Á RÀ Á?
Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Bí ọdún bá ti yí báyìí ni ìbéèrè kan máa ń wọ ọ́fíìsì wa: "Akọ̀wé, mo fẹ́ lọ wo àwọn ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ọlidé. Ṣé kí n ti yá owó ra tíkẹ́ẹ̀tì báyìí, àbí kí n dúró kó wálẹ̀?" Ọ̀rọ̀ tó gba àròjinlẹ̀ ni, nítorí pé owó tíkẹ́ẹ̀tì kan nínú oṣù Keje tó ohun tí ẹlòmíràn nínú wa fi ń ṣòwò látọdún dé ọdún. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo wa lè kà á.

Kò Jọ Òwò Tòmáàtì

Àwa ọlọ́jà mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, onítòmáàtì á dín owó, torí pé èyí tó bá kù di ọ̀la lè jẹrà. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni àyè inú ọkọ̀ òfuurufú yóò rí, pé bí ọjọ́ bá ti súnmọ́, wọn yóò tà á ní ọ̀pọ̀. Lóòótọ́, àyè tí kò rí ẹni jókòó sí ti ṣòfò nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tà á mọ̀ pé ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti di kánjúkánjú fún un. Òkú lè máa dúró dè é, tàbí iṣẹ́, tàbí ilé-ìwé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ráyè dúnàádúrà, òun ni wọ́n sì ń fi àyè tó kù dè.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Nínú ọkọ̀ kan náà, tí ìjókòó rí bákan náà, wọ́n á pín àyè sí ìpele-ìpele iye owó. Díẹ̀ ni ti owó pọ́ọ́kú. Bí ìyẹn bá tán, ó di èyí tó wọ́n jù ú lọ. Nǹkan bí oṣù 11 ṣáájú ìrìnàjò ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ní oṣù tí èrò kò pọ̀, ìpele pọ́ọ́kú lè pẹ́ nílẹ̀. Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé tiwa gba ọlidé, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gbà á láti ìparí oṣù Keje títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ará ibí ń lọ, àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún ń bọ̀ wálé. Tàlọ tàbọ̀ ni ọkọ̀ ń kún.

Físà Ni Kókó

Ṣé kí á wá sáré rà á ní oṣù Kìíní ni? Ó tì o, àfi ẹni tí físà ọlọ́dún 2 tàbí ọlọ́dún 5 rẹ̀ kò tíì parí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tó ń dúró dè. Bó bá ti ní owó lọ́wọ́, kó tètè rà á.

Ní ti ẹni tí kò tíì ní físà, Ìjọba Ìlú Ọba kì í gba ìwé àbẹ̀wò ju oṣù 3 ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò lọ. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti lọ tẹ ìka, ọ̀sẹ̀ 3 ni èsì sábà máa ń gbà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pé a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kì í mú kí wọ́n fún ni ní físà. Bí wọ́n bá sì kọ̀, owó físà ti lọ nìyẹn. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá tún jẹ́ irú èyí tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà, àdánù ti di méjì.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbéra ní ọjọ́ 10 oṣù Keje lè fi ìwé físà sílẹ̀ láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Bó bá rí ọjọ́ ìtẹ̀ka láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, èsì lè dé ní àárín oṣù Karùn-ún. Ó ṣì ku bí ọ̀sẹ̀ 8. Kó rà á lọ́jọ́ tí físà bá dé, tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìwé falẹ̀ títí di oṣù Kẹfà ni yóò bá owó gọbọi nílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ìwé físà gan-an ló ń sọ iye tí a óò san.

Ẹni tí kò ní ìdí láti lọ nígbà ọlidé, kó lọ ní oṣù Karùn-ún, tàbí kó dúró di àárín oṣù Kẹsàn-án. Ara á tù ú, àpò á sì tù ú.

Ẹ Má Fi Dọ́là Ta Tẹ́tẹ́

Owó tíkẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀lé dọ́là bí òjìji. Ní oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, dọ́là 1 tó wà ní nǹkan bí náírà 470 ti kọjá 700 kí oṣù náà tó parí. Ẹni tó ti sanwó ní oṣù Karùn-ún ló yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó lè wálẹ̀: Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2024, owó ọ̀nà náà sì rọjú díẹ̀. Ta ló lè sọ èyí tó ń bọ̀ nínú méjèèjì? Bí físà bá ti wà lọ́wọ́, tí owó sì wà, ẹ rà á, kí ọkàn yín balẹ̀.

Owó Wo Ni Kí Á Fi Rà Á?

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan ẹgbẹ́ nìyí. Ẹ má fi owó òwò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ 6 lájò, ìsọ̀ rẹ̀ lè wà ní títì, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó kò mọ̀ pé ó lọ ọlidé, oṣooṣù ni sísan rẹ̀ ń pé. Bí kò bá sì rí i san, àwọn oníìdúró rẹ̀ ni a óò dojú kọ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru ẹrù rẹ̀ délé. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú ni kí ẹ ti máa dá owó ìrìnàjò sọ́tọ̀. Bó bá ku díẹ̀ tí ẹ fẹ́ yá, ẹ jẹ́ kí físà kọ́kọ́ jáde, kí èlé má baà máa gun orí owó tí ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ẹ ó lò.

Ohun Mẹ́ta Láti Rántí

1. Kí orúkọ ara tíkẹ́ẹ̀tì bá ti páásípọ́ọ̀tù mu, lẹ́tà sí lẹ́tà.
2. Búkìn kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Ajẹ́ntì lè gba àyè sílẹ̀ lórúkọ yín láìtíì sanwó rẹ̀, bí àsìkò bá sì kọjá, wọn yóò pa á rẹ́. Ẹ béèrè nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì tó ní òǹkà 13, kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà fúnra wọn.
3. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó: bí ìrìnàjò bá yẹ̀, èló ni wọn yóò dá padà? Èló ni wọn yóò gbà láti yí ọjọ́ padà?

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á lọ ire, kí á bọ̀ ire, kí á sì bá òwò wa nílẹ̀. Àṣẹ.